Iṣẹ́ rere la fẹ́ ṣe fún àwọn ẹranko, kí ló dé tí ìjọba ń dá wa dúró?

Ẹnì kan tó ń ka àwọn ìdáhùn wa kọ̀wé báyìí: "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa aládùúgbò mélòó kan la kó ara wa jọ. Ọ̀kan nínú wa ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré kan. Àbàtà ni ibẹ̀ nígbà kan, ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, kí àwọn tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ tó gbẹ́ kòtò sí i láti fa omi rẹ̀ gbẹ nítorí oko. Ìsédò àtijọ́ kan tún wà lójú odò náà, kò ga ju èèyàn lọ, kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, ẹja ò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. A fẹ́ dí àwọn kòtò yẹn, ká wó ìsédò náà, ká sì gbin igi àti koríko tó jẹ́ ti ibẹ̀ gan-an padà. Owó ara wa ni, a ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn, fọ́ọ̀mù kan náà tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì ní ká tún lọ rí iléeṣẹ́ mẹ́ta mìíràn. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ká kàn bẹ̀rẹ̀, pé ta ni yóò mú ẹni tó ń ṣe rere? Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? Kí lẹ rò pé ká ṣe?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Irú ìbéèrè yín ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ tún ibùgbé ẹranko ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Ohun tó ń dùn yín kì í ṣe fọ́ọ̀mù nìkan. Ó ń dùn yín pé ọkàn mímọ́ lẹ fi wá, wọ́n sì wò yín bí ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, torí ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: ìdí tí òfin fi kó yín pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ́lé, ìdí tí iléeṣẹ́ tí ẹ máa rí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti bóyá ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ á yé yín bí a bá ṣe ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀.

Òfin kì í wo ọkàn, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń wò. Púpọ̀ nínú àwọn òfin àyíká tí ayé ń lò lónìí, ìgbà tí ìbàjẹ́ ti pọ̀ kọjá àfaradà ni wọ́n ṣe wọ́n. Ẹ wo Amẹ́ríkà: ọdún 1972 ni wọ́n ṣe òfin omi mímọ́ wọn, ọdún 1973 ni ti àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ pa run. Iléeṣẹ́ tó ń da ìdọ̀tí sódò àti oníṣòwò ilẹ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ kún àbàtà láti kọ́lé sórí rẹ̀ ló ń ká àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn lára. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sínú omi kí àbàtà lè padà wá kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́kàn wọn. Ohun tí wọ́n wá kọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta sínú omi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Wọn ò kọ ọ́ pé ẹni tó bá fi èrò burúkú dà á nìkan. Ìdí nìyẹn tí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi dí kòtò yín fi bọ́ sábẹ́ òfin kan náà pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ẹni tó ń kọ́ ilé ìtajà. Òṣìṣẹ́ tó fún yín ní fọ́ọ̀mù kò fi yín wé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ló bá nínú ìwé òfin tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé, ṣé kò rí i pé tiwa yàtọ̀ ni? Ó lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà tó ń bà á, ẹ̀rù náà sì nídìí. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ìsédò yín ló wúwo jù, kì í ṣe nítorí gíga rẹ̀ bí kò ṣe nítorí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí odò bá ti ń ṣàn wá kan ògiri fún ọdún gbọọrọ, gbogbo ohun tó ń gbé bọ̀ ló ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ki ọ̀pá oníhò bọ inú ẹrẹ̀ yẹn, tí ẹ fà á yọ, tí ẹ rọra tẹ́ ohun inú rẹ̀ sórí pákó, ẹ ó rí i bó ṣe to ara rẹ̀ léra: ewé dúdú tó ti jẹrà, iyanrìn tí àgbàrá ọdún kan gbé wá, amọ̀ rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ewé mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wà láàárín tó ń dán bí epo, tó sì ń rùn. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá, àmọ́ májèlé mìíràn wà tí kì í dán, tí kì í rùn, tó jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i. Bí àwọn tó ń ṣe awọ tàbí tó ń pa aró bá ti wà lókè odò nígbà kan, tàbí tí oko ibẹ̀ lo kẹ́míkà tí wọ́n ti fòfin dè, ó lè wà nínú ẹrẹ̀ yẹn, kó sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá wó ògiri ni yóò gbéra.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1973, wọ́n wó ìsédò kan tó ti gbó ní Fort Edward lójú odò Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹrẹ̀ tó ti mu kẹ́míkà PCB yó láti àwọn iléeṣẹ́ tó wà lókè odò ló ya lọ sísàlẹ̀. Láàárín ọdún 2009 sí 2015 ni wọ́n tó ń fi ẹ̀rọ wa ẹrẹ̀ olóró kúrò nínú odò náà. Kì í ṣe pé wíwó ìsédò burú o. Lójú odò Klamath ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ìsédò ńláńlá mẹ́rin ni wọ́n wó tán lọ́dún 2024, kí ọdún náà sì tó parí ni ẹja salmon ti gòkè lọ sí ibi tí wọn ò lè dé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ ẹrẹ̀ ẹ̀yìn àwọn ògiri yẹn wò dáadáa kí àṣẹ ìkẹyìn tó jáde ní November 2022. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ yẹ ẹrẹ̀ wò, ẹ má kà á sí ìyà. Èmi gan-an ì bá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Igi gbígbìn náà, tó dà bí ohun tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ti dá nǹkan sílẹ̀ rí. Ní àríwá Scotland, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Flow Country, àwọn èèyàn fi ọdún 1980 sí 1989 gbin igi sórí àbàtà tí koríko àti ewé jíjẹrà ti kún inú rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, nítorí ìjọba ń dín owó orí kù fún ẹni tó bá gbin igi. Àwọn igi náà fa omi ilẹ̀ gbẹ, àwọn ẹyẹ tó ń pamọ ní gbangba ibẹ̀ pàdánù ilé wọn, látìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gé igi yẹn kúrò, tí wọ́n ń dí àwọn kòtò rẹ̀ padà. Ní Sri Lanka, lẹ́yìn tí ìgbì òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní tsunami ya bo etíkun lọ́dún 2004, ọ̀pọ̀ igi ẹ̀gbà etí òkun ni wọ́n gbìn síbi tí omi òkun kì í jẹ́ kó yè, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì kú. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló gbà pé rere làwọn ń ṣe. Òṣìṣẹ́ tó jókòó níwájú yín ti lè rí irú rẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀. Ohun tó máa fọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni kí ẹ fi hàn án pé ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, fọ́tò tí wọ́n yà láti òfuurufú, irú erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ oko yẹn, ohun tí àwọn àgbàlagbà rántí. Erùpẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ilẹ̀ tó ti jẹ́ àbàtà rí máa ń ní àwọ̀ eérú, pẹ̀lú àmì ìpáta pupa káàkiri inú rẹ̀, ó sì máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí omi ti gbẹ. Ẹ gbẹ́ ihò kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi í sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ mẹ́ta mìíràn. Àṣìlóye kan wà níbí tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: wọ́n rò pé ẹnì kan ni ìjọba, pé bí ó bá ti gbà, ó gbà náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ omi kò láṣẹ lórí ẹranko, ẹni tó ń ṣọ́ ẹranko kò láṣẹ lórí ìlò ilẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì lè dá gbogbo yín dúró bí ìsédò yẹn bá ti pẹ́ tó láti jẹ́ ohun ìtàn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ìsédò àtijọ́ ni tiyín. Bákan náà, pé ẹ ni ilẹ̀ kò sọ pé ẹ ni omi tó ń kọjá lórí rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ìjọba tàbí gbogbo ará ìlú ló ni omi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò sì ní ẹ̀tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè. Ìsédò pàápàá lè ní ẹlòmíràn tó ni ín nínú ìwé, kó má jẹ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó ná owó kankan.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn kì í bọ́ nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Czech, ọdún 2018 ni wọ́n ti ya àwòrán iṣẹ́ kan fún agbègbè Brdy, láti sé omi níbi mélòó kan kí àbàtà lè padà síbẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn ológun ti fi ṣe pápá ìdánrawò rí ni, àdéhùn lórí ẹni tó ni ín sì fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìròyìn jáde pé àwọn beaver, ẹranko tó máa ń fi eyín gé igi láti fi sé odò, ti mọ ìsédò tiwọn sáwọn ibi tí iṣẹ́ náà wà fún. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ pé ó yọ wọ́n nínú ìnáwó tó tó 30 mílíọ̀nù owó Czech. Inú mi dùn sí ìròyìn yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí mo mú níbẹ̀ fún yín ni pé àwòrán iṣẹ́ tó péye kò lè ṣe nǹkan kan bí ìwé ilẹ̀ kò bá tíì tò. Kí ẹni tó ni ilẹ̀ láàárín yín fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, kó sì kọ iye ọdún tí òun gbà fún. Àwọn iléeṣẹ́ máa ń béèrè rẹ̀, bó bá sì kú tàbí tó ta ilẹ̀, ìwé yẹn lẹ máa gbé jáde.

Ohun tí mo rò pé ó máa ràn yín lọ́wọ́ jù lọ rèé: ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ yẹn kò dárúkọ, torí pé ẹ ò béèrè. Àròyé yín yìí ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn ìjọba kan sì ti gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Army Corps of Engineers, tó ń fún èèyàn láṣẹ láti da yẹ̀pẹ̀ sínú omi, ní àṣẹ gbogbogbòò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 27, tó wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá lò ó kò ní gba gbogbo ọ̀nà jíjìn tí akọ́lé ń gbà, ó kàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé èrè tó máa bá omi àti ohun inú rẹ̀ máa ju ìpalára lọ. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 la ọ̀nà kúkúrú fún iṣẹ́ kékeré, èyí tí kò ju 5 éékà lọ, tí kò sì gùn ju 500 ẹsẹ̀ bàtà lọ létí odò, kó ṣáà ti jẹ́ iṣẹ́ àtinúwá, kó má jẹ́ ìtanràn fún ibi tí ẹnì kan bà jẹ́ níbòmíràn. Ní ọdún 2021, wọ́n tún yọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin àyẹ̀wò àyíká ti ìpínlẹ̀ náà, bí ọ̀gá iléeṣẹ́ ẹja àti ẹranko bá fọwọ́ sí i. Ní England, bó bá jẹ́ odò kékeré tí kò sí lára àwọn odò ńlá tí iléeṣẹ́ àyíká ìjọba ń bójú tó, òfin ọdún 1991 fún aláṣẹ ibẹ̀ ní oṣù méjì láti fèsì, bí oṣù méjì náà bá sì kọjá láìsí èsì, wọ́n kà á sí pé ó ti gbà. Ìjọba ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣòfin lọ́dún 2024 tó sọ àtúnṣe ibùgbé ẹranko di dandan fún àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ rẹ̀, títí kan mímú kí odò tó gùn tó 25,000 kìlómítà ṣàn fàlàlà kí ọdún 2030 tó parí.

Nítorí náà, ẹ padà lọ bá wọn, ẹ má sì gbé fọ́ọ̀mù dání lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ béèrè pé: "Ǹjẹ́ ẹ ní ọ̀nà kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àtúnṣe ibùgbé ẹranko? Bí tiwa bá tóbi jù fún un, báwo la ṣe lè gé e kó lè bọ́ síbẹ̀?" Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n dín kù díẹ̀ létí odò, tí ọ̀nà tó máa gbà sì yí padà pátápátá. Àmọ́ ẹ má rò pé ọ̀nà kúkúrú túmọ̀ sí pé kò sí àyẹ̀wò mọ́. Bí ọ́fíìsì kan bá yọ̀ǹda, ti ẹranko tó fẹ́ pa run àti ti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè wà síbẹ̀ digbí.

Ẹ lọ bá wọn kí àwòrán iṣẹ́ tó parí. Ẹni tó bá mú àwòrán tó ti pé pérépéré wá kì í fẹ́ yí i padà mọ́, òṣìṣẹ́ náà sì mọ̀, ohun tó kù fún un ò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá mú ojú ewé méjì àti máàpù kan wá, tí ẹ ní kó bá yín lọ wo ilẹ̀ náà, ó di ẹni tó ń dá sí i. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá lọ́jọ́ kan náà. Ó ṣòro láti kó wọn jọ, ṣùgbọ́n bí ẹni omi bá fẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹni ẹranko sì ní ìgbà yẹn gan-an ni ẹyẹ ń pamọ, wọn á tì í síra wọn lójú yín, wọn á sì parí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ fún ẹnì kejì, oṣù á máa lọ.

Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ìwé tí ẹ mú lọ sí ọ́fíìsì, tí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú lẹ́tà yín, ń sọ pé ẹ fẹ́ "mú ẹwà àbàtà padà bọ̀ sípò fún ìran tó ń bọ̀". Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, mo sì mọ̀ pé ẹ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi kún fáìlì nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: a ó dí kòtò báyìí, níbi báyìí, ibi kọ̀ọ̀kan tí a bá dí á fẹ̀ tó mítà báyìí, inú ilẹ̀ yìí kan náà la ó ti wa yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Katakata kan ni a ó lò, ọ̀nà yìí ni yóò gbà wọlé, kò ní sọdá odò. Ọjọ́ báyìí la ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí pamọ. Bí òjò ńlá bá ká wa mọ́ ibẹ̀, ohun tí a ó ṣe nìyí. Igi àti koríko, ibi tí a ó ti mú wọn rèé, a ò ní gbé ẹrẹ̀ tàbí omi láti odò mìíràn wá. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má fò ó. Àrùn tó ń pa ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri ayé máa ń bá omi àti ẹrẹ̀ rìn, ó ń bá bàtà òṣìṣẹ́ rìn pẹ̀lú. Ẹ sọ ìpalára tí iṣẹ́ náà máa ṣe ní gbangba: omi á dọ̀tí fún ọjọ́ díẹ̀, koríko kan á kú. Bí ẹ bá fi í pa mọ́, wọ́n á rí i, wọn ò sì ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Bí nǹkan kan bá wà tó lè pa iṣẹ́ yín, mi ò rò pé ọ́fíìsì ni, aládùúgbò ni. Ẹni tí oko tàbí ilé rẹ̀ wà lókè ibi tí ẹ fẹ́ dí máa rò pé omi máa pọ́n dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa rò pé ìsédò tí ẹ fẹ́ wó ló ń dá àgbàrá dúró fún òun. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, nígbà mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, torí ìsédò kékeré tí ẹrẹ̀ ti kún ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àgbàrá dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu yín kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ san owó fún ẹnjiníà tó mọ̀ nípa omi, kó wọn ilẹ̀, kó sì fà á sórí máàpù ibi tí omi máa dé ní ọdún tí òjò pọ̀. Nínú gbogbo owó tí ẹ máa ná, èyí ni mi ò ní kí ẹ dín kù. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé máàpù náà lọ sílé oníkálukú wọn, kí ìjọba tó lẹ ìkéde mọ́ ògiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lára ògiri ti di ọ̀tá iṣẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ẹ ò kọ, ṣùgbọ́n tó yẹ kí ẹni tó ni ilẹ̀ láàárín yín ti máa rò. Bí àbàtà bá padà, tí ẹranko tí òfin ń dáàbò bò sì wá ń gbé ibẹ̀, ṣé ìjọba ò ní sọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ mọ́? Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina, àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gé igi páìnì wọn kí ó tó gbó, kí ẹyẹ àkókó kan tí òfin ń dáàbò bò, tó máa ń gbẹ́ ihò sára páìnì tó ti gbó, má bàa wá gbé ibẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ẹyẹ náà wá ń lé e kúrò nílé. Lọ́dún 1995, ìjọba bá wọn ṣe àdéhùn tuntun: wọ́n á ka iye ẹyẹ tó wà lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ àdéhùn, onílẹ̀ á máa tọ́jú èyí tó wà, ṣùgbọ́n bí púpọ̀ sí i bá wá nítorí iṣẹ́ rere rẹ̀, kò ní tìtorí ìyẹn rí ìyà òfin. Àdéhùn náà tàn kálẹ̀, wọ́n sì tún un tò lọ́dún 2024. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n mú ẹyẹ àkókó yìí kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu tó ga jù. Ẹ béèrè bóyá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá sí, kí onílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé, torí mi ò ní fẹ́ kó wá kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ohun tí ẹ lè ṣe yẹ̀ wò. Àwọn tó ní kí ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ lè ní àpẹẹrẹ: àwọn beaver tó wà lójú odò Otter ní gúúsù England, kò sẹ́ni tó gba láísẹ́ǹsì kó tó tú wọn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba gbà kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lọ́dún 2020. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ti kọ́kọ́ fẹ́ kó wọn kúrò, àyẹ̀wò ọdún márùn-ún ló sì gbà wọ́n là, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ńlá tó dúró lẹ́yìn wọn. Àwọn tó tú beaver sílẹ̀ ní Purbeck, ní gúúsù England bákan náà, lọ́dún 2025 ti gba àṣẹ kí wọ́n tó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò gba láísẹ́ǹsì. Bí ẹ bá wó ìsédò láìgba àṣẹ tí ẹrẹ̀ sì ba omi ẹlòmíràn jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa san án, wọ́n lè ní kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, ẹni tó bá sì tún wá béèrè àṣẹ lẹ́yìn yín ní àdúgbò yẹn á rí ìyọnu yín.

Ohun tí èmi máa ṣe ni kí n pín iṣẹ́ náà sí méjì. Dídí kòtò àti gbígbin koríko lè rí àṣẹ kíákíá. Ìsédò máa pẹ́. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, àbàtà á jókòó máa dúró de ìsédò. Àléébù kan wà níbẹ̀: àwọn iléeṣẹ́ kan kì í fẹ́ kí èèyàn pín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ láti sá fún àyẹ̀wò, nítorí náà ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìsédò ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi ara yín sábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan tó ti ní àṣẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yá, wọ́n sì ní àwọn tó mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ pàṣẹ, ẹ sì lè má fẹ́ràn bí wọ́n ṣe máa yí èrò yín padà.

Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé wọ́n á gbà. Mi ò tíì tẹ ilẹ̀ yín, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn. Ọ́fíìsì mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ méjì ń bojú tó agbègbè tó fẹ̀ gan-an, kò sí bí ìwé yín ṣe lè dára tó tó máa mú kí ọwọ́ wọn yá. Ìgbà kan sì wà tí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn tó tọ́. Bí májèlé bá pọ̀ lẹ́yìn ìsédò yẹn, kí ó dúró síbẹ̀ títí owó á fi wà láti wa á kúrò dáadáa sàn fún àwọn ẹja náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa mú kí wọ́n gbà.

Bí àṣẹ bá jáde, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó máa ní ọjọ́ tó máa tán, ó máa ní oṣù tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì lè ní ìròyìn tí ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Bó bá jáde lẹ́yìn tí ìgbà iṣẹ́ ti kọjá, ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀, ẹ má fi katakata lé ẹyẹ lórí ẹyin. Ní báyìí ná, iṣẹ́ wà tí kì í sábà gba àṣẹ: ẹ fọwọ́ fa koríko àjèjì tu lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ kó èso àti irúgbìn igi ìbílẹ̀ jọ, kí ẹ máa tọ́jú wọn sínú ike. Ẹ má lo oògùn apakoríko nítòsí omi láìbéèrè. Kí ẹ sì gbé òpó mẹ́rin kalẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, kí ẹnì kan máa ya fọ́tò láti ìdí òpó kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kó kọ ibi tí omi dé sílẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ tó rí. Oṣù yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni bí ibẹ̀ ṣe rí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.